Yíyọ Ògidì Oògùn: Ọ̀rọ̀ Kan láàrin Jẹ́ríkò, Ilẹ̀ Jàpáànù àti Ibi Iṣẹ́

Ìfáárà

Ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí ó jẹ́ òpó fún ìmọ̀ ìpoògùn ni yíya ohun tí ń wo àrùn sọ́tọ̀ kúrò lára gbogbo ohun mìíràn tí ó bá a dàpọ̀. Ìwé tí ó ń sọ nípa oògùn, ìbáà jẹ́ ìwé ẹ̀kọ́ yunifásítì, ìbáà jẹ́ bébà pélébé tí ń bẹ nínú páálí oògùn, kò lè ṣe kí ó má dárúkọ iṣẹ́ yìí. Síbẹ̀, èdè-ìperí tí àwọn atúmọ̀-èdè ń lò fún un ní Yorùbá kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn kan ń kọ 'ìsọdimímọ́', àwọn kan ń kọ 'ìwẹ̀nùmọ́', àwọn mìíràn sì ń fi ohùn Yorùbá pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásán.

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé ohun tí ó wà nínú yíyàn láàrin àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ju ẹwà èdè lọ. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ṣe déédéé níbí lè mú kí akẹ́kọ̀ọ́ ní òye òdì, ó sì lè mú kí ìyá ọmọ gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí kò yẹ ní gbígbẹ́kẹ̀lé. Àpilẹ̀kọ náà yóò kọ́kọ́ wo ìṣòro tí ó wà nínú 'mímọ́'. Lẹ́yìn náà ni yóò dábàá 'yíyọ ògidì', tí yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ewé ń ṣe ní Jẹ́ríkò ní Ìbàdàn. Yóò wá wo bí àwọn ará Jàpáànù ṣe rí ọ̀rọ̀ tiwọn fún iṣẹ́ kan náà, àti ohun tí èrò wọn nípa ìdarí níbi iṣẹ́ fi kún ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ìparí, yóò to àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá sí ojú kan.

Ìṣòro tí ó wà nínú 'mímọ́'

Ọ̀rọ̀-ìṣe 'mọ́' gbòòrò ní ìtumọ̀. Aṣọ tí a fọ̀ a máa mọ́. Omi tí kò ní ìdọ̀tí a máa mọ́ gaara. Ọwọ́ ẹni tí kò jalè mọ́. Láti ìgbà tí a ti túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ sì jáde ní Yorùbá ní ọdún 1884, 'mímọ́' ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tí ó rọ̀ mọ́ Ẹ̀mí Mímọ́, ibi mímọ́ àti ọjọ́ mímọ́. 'Ìwẹ̀nùmọ́' kò yàtọ̀. Kí ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ tó dé ni a ti ń wẹ ènìyàn ní odò kí ibi lè bá omi lọ. Ọ̀rọ̀ náà gbé èrò yìí dání títí di òní.

Bí a bá wá sọ fún aláìsàn pé a ti sọ oògùn kan di mímọ́, ohun méjì ni ó lè gbọ́. Ó lè gbọ́ pé a ti gbàdúrà sí i, tàbí kí ó gbọ́ pé a ti fọ ìdọ̀tí ara rẹ̀ kúrò. Kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì tí ó jẹ́ ohun tí onímọ̀ oògùn ń sọ. Èyí èkejì ni ó sì léwu jù, nítorí ojú ni a fi ń mọ ohun tí ó mọ́, nígbà tí ọ̀rọ̀ tí à ń wí yìí kọjá ohun tí ojú lè rí.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ìtàn kan tí ó bani nínú jẹ́. Diethylene glycol jẹ́ ohun olómi tí kò ní àwọ̀, tí ó dùn díẹ̀ lẹ́nu. Ó jọ glycerine àti propylene glycol tí àwọn apoògùn fi ń yọ́ oògùn olómi, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1937, ó lé ní 100 ènìyàn tí ó kú nítorí pé a fi í yọ́ oògùn kan. Ikú wọn ni ó fa òfin ọdún 1938 tí ó pàṣẹ pé kí a fi ẹ̀rí hàn pé oògùn kò léwu kí a tó tà á. Ní Nàìjíríà ní ọdún 1990, ohun kan náà wọ inú oògùn ibà olómi, ọmọ 47 ni a sì gbà sí ilé-ìwòsàn yunifásítì ní Jos tí wọn kò lè tọ̀ mọ́. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2008 wọ ọdún 2009 ni ó tún ṣẹlẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí nínú oògùn tí a ń fún àwọn ọmọ tí ń hu eyín. Ọmọ 84 ni ìjọba kéde pé wọ́n kú.

Ohun olómi tí a fi yọ́ àwọn oògùn wọ̀nyí kò ní ìdọ̀tí tí ojú rí. Bí a bá bi ìyá ọmọ pé ṣé ó mọ́, yóò ní ó mọ́, òótọ́ ni ó sì sọ. Ohun tí ó yẹ kí ẹnì kan ti bèèrè ṣáájú ni bóyá ohun tí ó wà nínú àgbá náà ni ohun tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́, àti bóyá ohun mìíràn wà pẹ̀lú rẹ̀. Èdè tí kò bá ní ọ̀rọ̀ fún ìbéèrè yìí yóò ṣòro fún láti kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń bèèrè rẹ̀.

'Ògidì' àti iṣẹ́ ilé ìdáná

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó súnmọ́ ohun tí à ń wá. Wúrà tí kò ní bàbà nínú, ògidì wúrà ni. Ọtí tí a kò bu omi là, ògidì ọtí ni. Èyí tí a bu omi là ni a ń pè ní àbùlà. Ohun tí ó mú kí 'ògidì' yàtọ̀ sí 'mímọ́' ni pé kò sọ nǹkankan nípa ìdọ̀tí tàbí nípa ìwà mímọ́. Ohun tí ó ń sọ ni pé nǹkan kan jẹ́ ara rẹ̀ nìkan, pé kò sí àjèjì nínú rẹ̀. Òun náà ni onímọ̀ oògùn ń sọ.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá a lọ ni 'yọ'. A ń yọ epo lára ẹyìn, a ń yọ àdín lára èkùrọ́. Ẹni tí ó ń yọ nǹkan mọ̀ pé ohun tí òun ń wá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ òun ni láti mú un jáde. Nítorí náà ni àpilẹ̀kọ yìí ṣe dábàá 'yíyọ ògidì' fún iṣẹ́ náà, àti 'ìwọ̀n ògidì' fún òṣùwọ̀n tí ó ń fi hàn bí ohun kan ti jìnnà sí àbùlà tó.

Àwọn obìnrin tí ń ṣe ògì ti pèsè ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ó kù. Wọn a rẹ àgbàdo sínú omi, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a fi asẹ́ sẹ́ ẹ, wọn a sì fi í sílẹ̀ kí ó tòrò. Ògì a lọ sí ìsàlẹ̀, omíkan a wà lókè, èèrí a sì kù sínú asẹ́. Kí olùkọ́ kíyèsí ìyàtọ̀ tí ohùn ṣe níhìn-ín. 'Èérí' ni ìdọ̀tí. 'Èèrí' ni ìyàngbò àgbàdo tí a ń fún ewúrẹ́ jẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí nínú ilé ìpoògùn. Ohun tí a yọ kúrò lára oògùn lè máà jẹ́ èérí rárá. Ó lè jẹ́ ohun tí ó wúlò níbòmíràn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi omíkan rẹ ewé àgbo. Èèrí ni, kì í ṣe èérí, àṣìṣe 'ìwẹ̀nùmọ́' sì ni pé ó sọ gbogbo èèrí di èérí.

Àtakò kan wà tí kò yẹ kí a fojú fò. Bí ẹnì kan ní ọjà Dùgbẹ̀ bá ní àgbo òun jẹ́ ògidì, ohun tí ó ń sọ ni pé òun kò bu omi là á. Nínú àgbo yìí kan náà, gbogbo ohun tí ń bẹ nínú ewé, èpo àti gbòǹgbò ni ó pé síbẹ̀. Lójú onímọ̀ oògùn, kò sí ohun tí ó jìnnà sí ògidì tó o. Ọ̀rọ̀ kan náà wá di ọ̀tá ara rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí 'ògidì' má ṣe dá dúró nínú ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Kí ó máa ní ohun tí ó ń ṣe ògidì rẹ̀ lẹ́yìn nígbà gbogbo: ògidì àgbo ni èyí tí kò ní omi àfikún, ògidì èròjà ni èyí tí a ti yà sọ́tọ̀ kúrò lára gbogbo èròjà yòókù. Bí a bá pa òfin yìí mọ́, ọjà àti ilé ìwádìí lè lo ọ̀rọ̀ kan láìṣi ara wọn gbọ́.

Jẹ́ríkò: orúkọ ni ìbẹ̀rẹ̀ ògidì

Ní orí òkè Jẹ́ríkò ní Ìbàdàn ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìmọ̀ igbó wà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1954 tí a sì mọ̀ sí FRIN báyìí. Nínú ọgbà rẹ̀ ni ilé àkójọ ewé gbígbẹ wà tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ń fi lẹ́tà mẹ́ta pè, FHI. Ẹ̀ka igi, ewé, òdòdó àti èso tí a tẹ̀ pẹlẹbẹ, tí a gbẹ, tí a sì lẹ̀ mọ́ bébà ni ó kún ibẹ̀. Iye wọn lé ní 100,000. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, orúkọ, àti ibi tí a ti já a.

Olùwádìí ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ tàbí ní Èkó tí ó bá fẹ́ yọ oògùn lára ewé, Jẹ́ríkò ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ gbé ẹ̀ka rẹ̀ lọ. Níbẹ̀ ni a ó ti fi wé èyí tí ó wà nílẹ̀, tí a ó sọ ohun tí ó jẹ́, tí a ó sì fún un ní nọ́ńbà. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Orúkọ kan lè jẹ́ ti igi méjì, igi kan sì lè ní orúkọ mẹ́ta láti Ọ̀yọ́ dé Oǹdó. Bí a bá ṣi igi gbé, gbogbo iṣẹ́ yíyọ ògidì tí ó tẹ̀lé e yóò péye, ṣùgbọ́n ògidì ohun mìíràn ni a ó yọ. Ìwé orúkọ ewé ní Yorùbá tí Z. O. Gbile kọ, tí ilé-iṣẹ́ náà sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1984, jẹ́ iṣẹ́ èdè-ìperí gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé onímọ̀ ewé ni ó ṣe é.

Àpẹẹrẹ kan yóò mú ọ̀rọ̀ náà yéni. Asofẹ́yẹjẹ ni igi tí ń so èso fún ẹyẹ jẹ; Rauvolfia vomitoria ni orúkọ rẹ̀ láàrin àwọn onímọ̀. Àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń fi gbòǹgbò rẹ̀ tọ́jú wèrè tipẹ́, Raymond Prince sì kọ̀wé nípa rẹ̀ fún àwọn dókítà ọpọlọ ní ọdún 1960. Láti ara ìbátan igi náà tí ó wà ní Íńdíà ni a ti kọ́kọ́ yọ reserpine ní ọdún 1952; reserpine náà wà nínú asofẹ́yẹjẹ. Ó ń dá ara sílẹ̀, ó sì ń mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni ó wà nínú gbòǹgbò náà. Ajmaline, tí ó ń yí lílù ọkàn padà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Iye ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yàtọ̀ láti igi dé igi àti láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ẹni tí ó mu omi gbòǹgbò méjì lè má mu oògùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Láti yọ ògidì, a ó fọ gbòǹgbò náà, a ó sá a gbẹ, a ó lọ̀ ọ́, a ó sì rẹ ẹ́ sínú ọtí líle. Ohun tí a sẹ́ kúrò nínú rẹ̀ ni àyọ. Àyọ kì í ṣe ògidì. Ó ṣì jẹ́ àdàlù. A ó fi àyọ náà ṣàn gba inú ọ̀pá tí a fi ìyẹ̀fun kún. Bí ó ti ń ṣàn, àwọn èròjà tí ó rọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun yóò lọ́ra, àwọn tí kò rọ̀ mọ́ ọn yóò yára, gbogbo wọn yóò sì yà ní ìpele ìpele. Mikhail Tswett, onímọ̀ ewé ará Rọ́ṣíà, ni ó fi ọ̀nà yìí ya àwọ̀ ewé sọ́tọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ọ̀rọ̀ tí a dábàá fún un ni 'ìṣànyà', láti inú 'ṣàn' àti 'yà'. 'Ìfàyà' ìbá rọrùn, àmọ́ ó súnmọ́ 'ìfàya' tí í ṣe ti aṣọ jù, ohùn kan ṣoṣo ni ó sì là wọ́n láàrin.

Lẹ́yìn ìṣànyà, a lè jẹ́ kí èròjà náà dì ní hóró, bí iyọ̀ ti ń dì bí omi rẹ̀ bá ń gbẹ. Hóró tí ń dì a máa gba irú tirẹ̀ mọ́ra, a sì máa ti àjèjì sẹ́yìn sínú omi. Ohun tí ó kù ni ìdánwò. A ó gbé e sórí iná díẹ̀díẹ̀, a ó sì wo ìwọ̀n ooru tí ó fi yọ́. Ògidì a máa yọ́ lójú kan. Àbùlà a máa tètè bẹ̀rẹ̀ sí yọ́, a sì máa pẹ́ kí ó tó yọ́ tán. Òṣùwọ̀n ni ó ń sọ̀rọ̀ níbí, ojú kò ní ẹjọ́ kankan láti dá.

Ìyàtọ̀ láàrin àyọ àti ògidì ṣe pàtàkì fún àwọn tí ń kọ ìròyìn pẹ̀lú. Ní ọdún 1971, Sofowora àti Isaacs ní Yunifásítì Ifẹ̀ kọ̀wé pé àyọ gbòǹgbò orin àta mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde ti tẹ̀ kọdọrọ padà bọ̀ sípò nínú ìgò ìdánwò. Ìwádìí pàtàkì ni. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé tí ó bá túmọ̀ 'àyọ' sí 'oògùn' ti fo àkàsọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àwọn òbí tí ọmọ wọn ń ṣàìsàn ni yóò sì san gbèsè rẹ̀.

Ohun tí a rí kọ́ ní ilẹ̀ Jàpáànù

Àwọn ará Jàpáànù ti dojú kọ ìṣòro yìí ṣáájú. Udagawa Yoan, dókítà àti atúmọ̀-èdè tí ó gbé láyé láti ọdún 1798 sí 1846, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé kẹ́mísírì rẹ̀ jáde ní ọdún 1837 láti inú ìwé tí ó wà ní èdè Hólàńdì. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ohun tí ó fẹ́ sọ. Ó mú 'so', tí ó túmọ̀ sí ìpìlẹ̀ ohun, ó sì fi í ṣe ìrù fún orúkọ àwọn èròjà: ìpìlẹ̀ omi ni suiso, ìpìlẹ̀ kíkan ni sanso. Àwọn ọmọ ilé-ìwé Jàpáànù ṣì ń lò wọ́n. Síbẹ̀, orúkọ tí ó fún ìmọ̀ kẹ́mísírì fúnra rẹ̀, èyí tí ó fi ohùn Jàpáànù pè láti inú èdè Hólàńdì, kò pẹ́ lọ títí. Kagaku ni ó gba ipò rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí a fi èròjà ilé kọ́, tí ó sì ní ìtòsí ìdílé, a máa pẹ́ ju èyí tí a yá lásán lọ.

Fún yíyọ ògidì, seisei ni wọ́n ń lò. Àmì tí a fi ń kọ ìṣáájú rẹ̀ ní àmì ìrẹsì nínú, nítorí ìrẹsì tí a gún tí ó funfun ni ó kọ́kọ́ ń jẹ́. Fún ohun tí kò ní àdàlù, wọ́n ń lo junsui: àmì òwú síliki wà nínú ìdajì rẹ̀, àmì ìrẹsì wà nínú ìdajì kejì. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti rí jundo, ìwọ̀n ògidì. Àwọn ará Jàpáànù ní ọ̀rọ̀ ìwẹ̀nùmọ́ ti ẹ̀sìn lọ́pọ̀lọpọ̀: harae àti misogi wà nínú ẹ̀sìn Shinto, níbi tí ènìyàn ti ń dúró sábẹ́ omi tí ń ṣàn wálẹ̀ láti orí àpáta. Wọn kò kó àwọn wọ̀nyí wọ ilé ìpoògùn. Ilé ìdáná àti ilé ìhunṣọ ni wọ́n lọ. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ wọn fún omi ẹ̀rọ tí a ti sẹ́, josui, gba àmì tí àwọn ẹlẹ́sìn Buddha ń lò fún Ilẹ̀ Mímọ́. Èyí fi hàn pé ààlà kò gún régé níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ oògùn, ó gún. Bí wọ́n ṣe yíjú sí ìrẹsì ni Yorùbá lè yíjú sí ògì.

Iṣẹ́ Satoshi Omura fi ẹ̀kọ́ mìíràn kún un. Ní àwọn ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ Kitasato tí ó ń ṣiṣẹ́ fún bá Merck ti Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ń bu erùpẹ̀ láti ibi púpọ̀ wá. Nínú èyí tí wọ́n bù nítòsí pápá góòfù kan ní Kawana ni kòkòrò àìfojúrí kan wà tí omi ara rẹ̀ ń pa aràn. William Campbell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Merck ni wọ́n rí agbára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ ògidì rẹ̀, wọ́n rí i pé èròjà mẹ́jọ tí ó jọra bí ọmọ ìyá ni. Láti ara wọn ni wọ́n ti ṣe ivermectin. Omura àti Campbell gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015. Láti ọdún 1987 ni Merck ti ń fi oògùn náà tọrẹ fún ìgbógunti àrùn tí eṣinṣin etí odò ń gbé kiri, tí ó ń fọ́ ojú àwọn àgbẹ̀ ní Ìbàràpá àti ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn ní Nàìjíríà.

Ohun tí ó kan èdè-ìperí nínú ìtàn yìí ni pé ivermectin fúnra rẹ̀ kì í ṣe èròjà ẹyọ kan. Èròjà méjì ni. Ọ̀kan pọ̀ gan-an, èkejì kéré, òfin sì ti dá ààlà iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ́. Síbẹ̀, ògidì oògùn ni gbogbo ayé ń pè é. Nítorí náà, kí a má ṣe kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé ògidì oògùn ni èyí tí ó ní ohun kan ṣoṣo nínú. Ìtumọ̀ tí ó péye ni èyí: ògidì oògùn ni oògùn tí a mọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, tí a wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò sì sí èyí tí ó kọjá ààlà.

Ìdarí níbi iṣẹ́ àti ẹ̀tọ́ láti dá iṣẹ́ dúró

Kò sí ẹnì kan tí ó lè dá yọ ògidì oògùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọwọ́ púpọ̀ ni ó ń gbà kọjá: ẹni tí ó já ewé, ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ, ẹni tí ó ra ọtí líle, ẹni tí ó ṣọ́ ìṣànyà, ẹni tí ó wọn hóró. Bí ọ̀kan bá rí àjèjì tí kò sì lè sọ̀rọ̀, iṣẹ́ àwọn yòókù di asán. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ògidì fi kan ọ̀rọ̀ ìdarí.

Yorùbá ní orúkọ tí ó pọ̀ fún ẹni tí ó wà nípò: ọ̀gá ni ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀, olórí ni ẹni tí ipò wà lórí rẹ̀, aṣáájú ni ẹni tí ó wà níwájú. 'Adarí' ni ó sọ nípa iṣẹ́ ju ipò lọ, nítorí ẹni tí ó ń darí ni ó ń tọ́ nǹkan sí ọ̀nà. 'Ìdarí' ni ó yẹ jùlọ, kí a sì fi 'ìṣàkóso' sílẹ̀ fún ètò ọ́fíìsì.

Ọ̀rọ̀ Jàpáànù méjì ni ó yẹ kí àwọn atúmọ̀-èdè kíyèsí. Èkíní ni nemawashi. Iṣẹ́ ọgbà ni ó ti wá: kí a tó hú igi ńlá lọ gbìn síbòmíràn, a ó wa ilẹ̀ yí gbòǹgbò rẹ̀ ká ṣáájú, kí gbòǹgbò tuntun lè yọ. Níbi iṣẹ́, ó túmọ̀ sí pé kí adarí tó gbé ìmọ̀ràn síwájú ìpàdé, kí ó ti bá olúkúlùkù tí ọ̀rọ̀ kàn sọ̀rọ̀ ní ìdákọ́ńkọ́. Kò sí ìdí láti dá ọ̀rọ̀ tuntun fún èyí. 'Ìfikùnlukùn' ti wà nílẹ̀. 'Ìfikùnlukùn ṣáájú ìpàdé' sì kájú rẹ̀.

Èkejì ni jidoka. Ní ọdún 1924, Sakichi Toyoda parí ẹ̀rọ ìhunṣọ kan tí ń dá dúró fúnra rẹ̀ bí òwú kan bá já, kí aṣọ má baà bàjẹ́ lọ. Ilé-iṣẹ́ Toyota gba èrò náà lò fún ọkọ̀: òṣìṣẹ́ tí ó bá rí àbùkù lè fa okùn kí iṣẹ́ dúró, láìkọ́kọ́ gba àṣẹ ọ̀gá. Nínú ìwé gbogbo ènìyàn, jidoka ni kí ẹ̀rọ máa dá ṣiṣẹ́. Toyota fi àmì kékeré tí ó dúró fún 'ènìyàn' kún ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́. Pípè rẹ̀ kò yí padà, ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà: ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní òye ènìyàn nínú. 'Ìdáṣẹ́dúró' ni a dábàá, kí a sì ṣọ́ra kí a má ṣì í mú fún 'ìdaṣẹ́sílẹ̀' tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń ṣe. Ẹni tí ó ṣe ìdaṣẹ́sílẹ̀ ń bá agbanisíṣẹ́ jà. Ẹni tí ó ṣe ìdáṣẹ́dúró ń gbà á là.

Àwọn kan yóò ní ìbọ̀wọ̀fágbà kì í jẹ́ kí ọmọdé dá iṣẹ́ àgbà dúró. Ṣùgbọ́n Yorùbá náà ni ó ní ọgbọ́n ọmọdé, ọgbọ́n àgbà, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, tí ó sì tún ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nínú ètò tí ó gbé ivermectin dé abúlé láti ọdún 1995 sí 2015, àwọn ará abúlé ni wọ́n ń yan ẹni tí yóò pín oògùn fún wọn. Ọ̀pá tí a fi àmì sí ni ó fi ń wọn gíga olúkúlùkù láti mọ iye hóró tí ó tọ́ sí i. Baálẹ̀ pàápàá dúró ti ọ̀pá. Òṣùwọ̀n kò mọ ọ̀gá, ẹni tí ó bá sì di òṣùwọ̀n mú gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ohun tí ó rí.

Àtẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

Yíyọ ògidì: yíya èròjà kan sọ́tọ̀ kúrò lára gbogbo ohun tí ó bá a dàpọ̀.

Ìwọ̀n ògidì: òṣùwọ̀n tí ó ń fi hàn bí èròjà ti jìnnà sí àbùlà tó.

Àjèjì èròjà: ohun tí kò yẹ kí ó wà nínú oògùn, ìbáà mọ́ lójú.

Èèrí: ohun tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn yíyọ, tí ó lè wúlò níbòmíràn.

Àyọ: omi tí a rí lẹ́yìn rírẹ àti sísẹ́, tí ó ṣì jẹ́ àdàlù.

Ìṣànyà: yíya èròjà sọ́tọ̀ nípa mímú un ṣàn gba inú ìyẹ̀fun tàbí bébà.

Ìsèkán: sísè ohun olómi kí oru rẹ̀ tutù, kí ó sì kán sínú ohun mìíràn, bí a ti ń ṣe ògógóró.

Dídì ní hóró: kí èròjà dì láti inú omi ní ẹyọ ẹyọ.

Ojú ìyọ́: ìwọ̀n ooru tí ògidì kan fi ń yọ́.

Ìdáṣẹ́dúró: dídá iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀ nítorí àbùkù tí òṣìṣẹ́ rí.

Àgbálọgbábọ̀

Láti ìgbà tí ètò Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 láti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní sáyẹ́ǹsì, títí dé ìgbà tí ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní ọdún 1984, ìbéèrè náà kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ bóyá èdè yìí lè gbé ìmọ̀. Ìbéèrè náà ni ọ̀rọ̀ wo ni yóò gbé e láìjẹ́ kí ó dà sílẹ̀. Ní Jẹ́ríkò kan náà tí àkójọ ewé wà ni ilé-ìtẹ̀wé University Press wà, tí ó gba iṣẹ́ ìtẹ̀wé Oxford ní Nàìjíríà ní ọdún 1978, tí ìwé atúmọ̀ Yorùbá sì ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde. Ìrìn láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń sọ ewé lórúkọ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tẹ ọ̀rọ̀ kò jìnnà. Bí àwọn olùkọ́ kẹ́mísírì, àwọn apoògùn àti àwọn onímọ̀ èdè bá fikùn lukùn lórí ọ̀rọ̀ mẹ́wàá yìí, kí wọ́n yọ èyí tí kò dára, kí wọ́n sì fi èyí tí ó sàn jù rọ́pò rẹ̀, bébà inú páálí oògùn yóò lè sọ fún ìyá ọmọ ní èdè rẹ̀ ohun tí ó wà nínú ìgò, dípò kí ó sọ fún un pé ó mọ́.